Bí ẹ ṣe lè jiyàn Thor àti Loki tí ìlà irun ò fi ní wọ́

Irun wẹ́wẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan. Tí oníbàárà bá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí èmi àtàwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ méjì jọ dojú kọ orí náà, ó máa ń kọjá ọ̀sán gangan kó tó dìde. Fíìmù méjì á ti parí. Ti Thor àti Loki, àwọn ọmọ Odin ọba Asgard nínú fíìmù Marvel, ni wọ́n ń bèèrè jù, torí kò sẹ́ni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn ún síbẹ̀síbẹ̀. Fíìmù ò dá nǹkan kan sílẹ̀ o, iyàn tó ń tẹ̀lé e ni. Mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ méjì jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí láìkí ara wọn pé ó dàbọ̀. Èmi alára ti dá sí i débi pé mo la irun ẹnì kan wọ́ láti iwájú dé ìpàkọ́. Ìlà mẹ́fà ni mo tú, tí mo tún un dì, mo sì dín owó fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fún iyàn yìí lófin.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ bi í pé èwo ló ti wò. Thor àkọ́kọ́ jáde ní 2011, The Avengers ní 2012, The Dark World ní 2013, Ragnarok ní 2017, Infinity War ní 2018. Ẹni tó wo Ragnarok nìkan, ẹ̀fẹ̀ ló mọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó wo ti 2012 nìkan, Loki tó kó ogun wọ New York ló mọ̀. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń jiyàn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ọ̀sà, èkejì ń sọ̀rọ̀ òkun. Ní ti eré Loki tó ń jáde ní apá-apá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ẹ fi sẹ́yìn ná. Loki inú rẹ̀ kọ́ ló kú lọ́wọ́ Thanos, ọ̀tá wọn, nínú Infinity War. Ti 2012 ni, èyí tó ráyè gbé Tesseract, àpótí agbára kan, sá lọ nígbà táwọn Avengers, ẹgbẹ́ akọni tí Thor wà nínú rẹ̀, padà sí ìgbà àtẹ̀yìnwá nínú fíìmù Endgame. Ìyá rẹ̀ ò tíì kú, òun àti Thor ò tíì parí ìjà kankan. Ẹni tó bá fi ìwà ẹni yìí dá ẹjọ́ ẹni yẹn, ẹ ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín fẹnu kò lórí irú ìbátan tí ẹ ń sọ. Ibí ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi pè é nínú fíìmù, wọ́n da ẹ̀gbọ́n, àbúrò, iyèkan, ọbàkan pọ̀ sínú àpò kan. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ṣe la ẹnu ní Yorùbá báyìí, o ti sọ ta ni ẹ̀gbọ́n, wọn ò sì ní jẹ́ kóo mí kí wọ́n tó bi ọ́ pé ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Thor ni ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í sì í ṣe ọbàkan. Laufey, ọba àwọn òmìrán yìnyín ní Jotunheim, ló bí Loki. Odin rí i lọ́mọ ọwọ́ lẹ́yìn ogun, ó gbé e wálé, Frigga ìyàwó rẹ̀ tọ́ ọ.

Àgbàtọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ibì kan wà nínú ti 2012 tí Thor ti ń kìlọ̀ fún àwọn Avengers kí wọ́n má bú Loki lójú òun, torí àbúrò òun ni. Wọ́n ní ó pa èèyàn ọgọ́rin láàárín ọjọ́ méjì. Thor ní, ṣé ẹ rí i, a gbà á tọ́ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Orí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni kò mì. Ìpàkọ́ ọmọbìnrin náà ni mo ń wò, mo rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le gbagidi. Ó mú àtáṣímẹ́ǹtì tó wà lórí itan rẹ̀, ó ń fà á ya ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Àǹtí, ká ní ó ṣe dáadáa ni, ṣé á rántí pé wọ́n gbà á tọ́?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lèmi náà gbé dàgbà, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ń pe èèyàn ní "ọmọ wa", mo sì mọ ọjọ́ tó ń di "ọmọ àbúrò mi". Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fi ń ṣí iyàn báyìí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ohùn á kọ́kọ́ rẹlẹ̀.

Tó bá wá yá, ẹ mú ibì kan ṣoṣo nínú fíìmù, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òpin ti 2011, lórí afárá Bifrost tó ti kán. Odin di ẹsẹ̀ Thor mú. Thor di ọ̀kọ̀ mú. Loki rọ̀ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ náà, òfuurufú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń pariwo sí bàbá rẹ̀ pé òun ì bá ti ṣe é yanjú. Odin ní, rárá, Loki. Bẹ́ẹ̀ ni Loki ṣí ọwọ́. Ẹ bi ara yín: ta ló jù ú sílẹ̀? Thor kọ́, ó ń kígbe ni. Ẹ tún wo ohun tó wà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò: ọ̀kọ̀ bàbá wọn ni.

Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì fi pa mọ́: ẹjọ́ Odin ni. Ó dijú sí ọ̀rọ̀ náà títí Loki fi fojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó di àwọ̀ aró bíi tàwọn òmìrán yìnyín. Àfìgbà tọ́mọ bi í léèrè kó tó jẹ́wọ́, kò sì tíì sọ ọ́ tán tó fi ṣubú sùn lọ. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kì í gbà. Á ní, "Àǹtí, ṣé Odin ló ní kó rán Destroyer, jagunjagun onírin yẹn, lọ pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀?" Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo máa ń dákẹ́ níbẹ̀, mo sì máa ń fún un ní irun mú.

Ẹ máa retí àwọn aláfiwé. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tí ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá wà níjókòó, yóò ní Kòsọ́kọ́ ni Loki: ọmọ ọba tí ìtẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Èkó ní 1851, tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbí. Ó dùn ún gbọ́, kò kàn dúró ni. Akítóyè tó bá Kòsọ́kọ́ du oyè, àbúrò bàbá rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún Kòsọ́kọ́ rí pé kì í ṣe ọmọ ilé yẹn. Ìdí tó fi jọra ni pé oyè wà níbẹ̀, ohun tó ń jẹ Loki lọ́kàn kì í sì í ṣe oyè. Ó jókòó sórí ìtẹ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìrísí Odin kí Ragnarok tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló fi ṣe? Ó ní kí wọ́n máa ṣe eré orí ìtàgé nípa bí òun ṣe kú ikú akọni. (Tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, àwọn tó ti wà níbí kí Kòsọ́kọ́ tó dé, bá wà níjókòó pẹ̀lú, ẹ yára gbé fíìmù padà, torí iyàn ti di òmíràn nìyẹn.)

Ẹlòmíràn á ní Ṣàngó ni Thor nítorí àrá. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá fẹ́ kó wúlò, kó mú Dàda wá: Dàda ò lè jà, ó lábùúrò tó gbójú. Níbẹ̀, ọgbẹ́ àbúrò kọ́ là ń sọ, ààbò àbúrò ni. Ẹni tó sì kàwé nípa àwọn ará àríwá Yúróòpù á sọ fún yín pé nínú ìtàn àtijọ́ tiwọn, Loki kì í ṣe àbúrò Thor rárá. Òun àti Odin ló jọ mulẹ̀. Àwọn oníwèé ìtàn alá​wòrán Marvel ló sọ ọ́ di ọmọ ilé, láti bí 1962.

Nígbà tí ara bá ti ń gbóná, mo ní omi tútù kan. Nínú Ragnarok, Thor sọ bí Loki ṣe sọ ara rẹ̀ di ejò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Thor fẹ́ràn ejò, ló bá gbé e. Loki padà di èèyàn, ó fi ọ̀bẹ gún un. Mo máa ń tún un sọ, màá wá ní kí kálukú sọ ohun kan tí àbúrò ẹ̀ ṣe fún un. Ẹlẹ́ja kan láti Ọjà Olúwo sọ pé àbúrò òun jí ẹja òun tà, lọ́sẹ̀ kan náà tóun ń san owó ìdánwò rẹ̀. A ní ṣé ó san án? Ó wo wa bíi pé orí wa ò pé.

Fún ẹni tó bá ṣì ń pariwo pé òpùrọ́ lásán ni Loki, mo máa ń wá òpin Ragnarok, mo sì máa ń dá a dúró. Thor ní ká ní ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ì bá dì mọ́ ọn. Ó ju ìdérí ìgò sí i, ó rò pé òjìji ni, yóò kọjá lára rẹ̀. Ọwọ́ kan hán ìdérí náà. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ọwọ́ yẹn fún yín.

Ìgbà tí iyàn ń parí ò sí lọ́wọ́ mi. Kẹ́tùlù ló ń parí ẹ̀. Tí a bá ti di ẹyọ ìkẹyìn, oníbàárà á sún síwájú, a ó ri ìdí irun bọ omi gbígbóná, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ tí omi gbígbóná bá wà nítòsí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kù sí lẹ́nu, ó di ìgbà tó bá wá tú u, lọ́sẹ̀ mẹ́rin sí i.