Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣiṣẹ́ abẹ l'Ékòó? Ohun tẹ́ ẹ máa sọ sókè àti ohun tẹ́ ẹ máa béèrè

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí, orí mainland níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà tí mo ń na abẹ sí i. Àǹtí mi tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ yọ fibroid fún wọn, wọ́n ní "ìwọ ṣá máa bá mi gbàdúrà, dókítà mọ iṣẹ́ ẹ̀." Àdúrà ò gbọ́dọ̀ wọ́n, dókítà náà sì mọ iṣẹ́ ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ dókítà nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ o. Ohun tá à ń kà sókè nínú tíátà, tá à ń béèrè lọ́wọ́ ara wa, òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn yọ, aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ náà sì ní tiwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Àǹtí lórí fóònù yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó san owó kankan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ń lo checklist WHO nínú tíátà yín?" Bébà kan ni, ojú ìwé kan péré, ọdún 2008 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé e jáde, nǹkan 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n á ka apá kan kí wọ́n tó fún èèyàn lóògùn oorun, wọ́n á ka ìkejì kí abẹ tó kan ara, wọ́n á ka ìkẹta kí wọ́n tó gbé aláìsàn kúrò ní tíátà. Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Ọsibítù mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ ni wọ́n ti dán an wò, London wà níbẹ̀, Manila wà níbẹ̀, Ifakara ní Tanzania náà wà níbẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2009, iye àwọn tó ń kú nínú ọgọ́rùn-ún ti já láti 1.5 sí 0.8, àwọn tí wàhálà ń bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì já láti 11 sí 7. Wọn ò ra maṣíìnì tuntun kankan, bébà yẹn ni wọ́n ń kà. Ọsibítù tó bá ń lò ó, kíákíá ni wọ́n á dá yín lóhùn. Tí wọ́n bá gbójú mọ́ yín pé kí lẹ mọ̀ nípa ìyẹn, ẹ lọ béèrè níbòmíràn tí àsìkò bá ṣì wà.

Nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò yẹn, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ dúró lé dáadáa, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwa Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ. Nínú wọ́ọ̀dù, Alhaja ni, Màmá Ìbejì ni, Daddy ni. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní Alhaja méjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan fẹ́ ṣe hernia, èkejì fẹ́ yọ kókó nínú ọmú. Ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì wọlé ó ní "Alhaja, ó ti yá o," Alhaja tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ní "ó dáa, ọmọ mi," bí wọ́n ṣe gbé wọn wá nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà, mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi sọ orúkọ yín, èyí tí wọ́n kọ sí káàdì." Orúkọ tó jáde lẹ́nu wọn, òun kọ́ ló wà lára fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ká ní mo béèrè pé "ṣé ẹ̀yin ni Alhaja Lágbájá?", wọ́n á ti ní "ẹ̀n", torí ẹ̀rù ń ba èèyàn lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá ṣáà ti sọ ni wọ́n máa ń jẹ́ sí.

Ẹ má dúró kí wọ́n pè yín o. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kan yín lára lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ fún un: orúkọ mi rèé, ọjọ́ orí mi rèé, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi rèé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín sára okùn ọwọ́ yẹn, tí lẹ́tà kan bá ṣì, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ. Tó bá jẹ́ ibi tó ní méjì bí orúnkún, ojú, ọmú, kíndìnrín, dókítà gbọ́dọ̀ fi máàkà sàmì síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì lajú sílẹ̀. Àwọn àgbà wa kan kì í fẹ́ fẹnu pe òsì, kò burú, ẹ fi ìka yín kan ibẹ̀ gangan kẹ́ ẹ ní "ibí ni."

Ohun tó kù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ni àgbo. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu paraga àti jẹ̀díjẹ̀dí kì í fẹ́ kí dókítà gbọ́, àmọ́ àwọn nǹkan míì wà nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn láìdúró, àwọn míì máa ń bá oògùn oorun jà. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ aspirin, ẹ sọ genotype yín, ẹ sọ tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fúláàsì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé nítorí àánú. Oúnjẹ tó wà nínú ikùn lè gòkè wá nígbà téèyàn bá ti sùn, kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Ẹ béèrè wákàtí tó yẹ kẹ́ ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró, kẹ́ ẹ béèrè ti omi lọ́tọ̀.

Láàlì ìyàwó, fix nail, ẹ yọ wọ́n kúrò ó kéré tán lára ìka méjì. Nǹkan kékeré kan wà tá a máa ń fi há ọmọ ìka, òun ló ń sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ oxygen ṣì tó nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Láàlì dúdú lè tàn án jẹ, kó máa sọ ohun tí ò rí. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà, òǹdè, òrùka, wíìgì, ẹ yọ gbogbo ẹ̀ nílé torí iná mànàmáná tá a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lè jó ibi tí irin bá wà. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi réésà tàbí abẹ fẹ́lẹ́ fá irun ibẹ̀ o, egbò wẹ́wẹ́ tí réésà ń dá síbẹ̀ ni kòkòrò máa ń gbà wọlé. WHO ti sọ ọ́ láti 2016 pé ká má fá a, tó bá pọn dandan, kílípà ni kí wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tẹ́ ẹ ò ní rí fún yín. Kí wọ́n tó la inú, èmi àti nọ́ọ̀sì kejì la jọ máa ń ka gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tá a fi ń nu ẹ̀jẹ̀. Ní márùn-ún márùn-ún ló máa ń wá, màá tú u, màá máa yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹnì kejì ń wò mí, ó ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Tí gọ́ọ̀sì bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tán, àwọ̀ ẹ̀ á dà bí ẹran ara, ojú ò ní dá a mọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń kà á kí wọ́n tó pa inú dé, tá a tún ń kà á kí wọ́n tó rán awọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan a kà á, ó jẹ́ 29 dípò 30. Ó ti rẹ dókítà, látàárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, ó ní bóyá mo ti ṣì í kà látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá sà, kò pé. A da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀, a gbọn gbogbo aṣọ, kò sí níbẹ̀. Dókítà ki ọwọ́ padà, ó sì fà á jáde lẹ́yìn ẹ̀dọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó tẹ̀ lé yín wá béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá jáde, "Ẹ kúuṣẹ́ mà, ṣé count yín pé?" Kì í ṣe àrífín rárá, inú fáìlì la máa ń kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ńkọ́? Òfin ìlera ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, níwọ̀n bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá: kí lẹ fẹ́ gé, kí ló lè ṣẹlẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá ní mi ò ṣe. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìyàwó tó jókòó síbẹ̀ tí ara ẹ̀ pé, tí wọ́n wá gbé bíírò fún ọkọ. Ẹni tó ni ara ló máa fọwọ́ sí i, tí orí ẹ̀ bá ṣáà ti pé, tó sì ti dàgbà. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ọsibítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì torí owó, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ₦100,000 wà fún ẹni tó bá ṣe é.

Ní ti owó, kò sí ohun tí mo lè sọ ju pé kẹ́ ẹ ti wọ Ilera Eko, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí àìsàn tó dé. Ní 2015 ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún èèyàn láyé ni iṣẹ́ abẹ tó dáa tí apá wọn sì ká ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé láàárín wa.

Owó yẹn náà ni mo fi ń bínú sí ìfiṣòfò. Wọ́n á fún ẹbí ní lísìtì, wọ́n á ra ìbọ̀wọ́, òwú ìránṣọ ara, omi, mélòó kan á ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì já, wọ́n á jù ú nù. Ẹ béèrè èyí tí wọn ò já. Tí ọsibítù bá ń lo aṣọ tíátà tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n sì ń sè nínú autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò, ẹ má rò pé ti tálákà ni, tí wọ́n bá sè é bó ṣe yẹ, kòkòrò ò sí níbẹ̀, kò sì di òkè ìdọ̀tí tí wọ́n ń jó. Àwọn tó fi sólà gbé iná tíátà, mo gbóríyìn fún wọn gan-an, torí jẹnẹrétọ̀ tó kú láàárín iṣẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹ́ rí lẹ́ẹ̀mejì, dísẹ́ẹ̀lì yẹn náà la sì ń fà símú. Gáàsì oorun pàápàá wà níbẹ̀: desflurane ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 2,500 carbon dioxide, Scotland ti dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 2023. Tí dókítà oorun bá ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tó ń pa ìsàlẹ̀ ara kú láìlo gáàsì, tó fún tiyín, ẹ fetí sí i kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀rù ń bà yín.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má lọ ra antibiotic sí i ní kẹ́místì torí pé ọ̀rẹ́ yín lò ó. Ẹ gba nọ́ńbà wọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó kúrò. Tí ojú egbò bá ń gbóná tó ń yọ ọyún, tí ibà bá dé, tí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tẹ́ ẹ bá ń mí gúlegúle, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbéra kí Third Mainland tó há, ẹ má ní ó di ọjọ́ ajé.