Ẹ̀yìn ọ̀rá gààrí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwáṣẹ́ mi

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo kọ́kọ́ pinnu irú iṣẹ́ tí mo fẹ́, kí n tó kọ lẹ́tà kankan. Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kà ní FUNAAB, l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá kà á lè ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí, ní ilé omi, ní ilé bísíkíìtì. Ó sì lè wọ NAFDAC. Èmi mú ẹyọ kan ṣoṣo: yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ọjà yìí dára tó láti jáde tàbí kò dára tó, nínú ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe nǹkan. Orí láfún ni iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lé. Bí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn omi inú rẹ̀ àti sáyánáìdì, ìyẹn májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá orúkọ. Ọjà Kútọ̀ ni mo gbà lọ, mo sì tún wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá. Òfin NAFDAC ni pé oúnjẹ tí wọ́n bá dì sínú ọ̀rá tàbí páálí gbọ́dọ̀ gbé orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára fún jíjẹ mọ́. Ohun tí mo nílò ti wà lẹ́yìn ọ̀rá gààrí, ìyẹ̀fun fùfú àti láfún, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Mo ń ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìyá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù fi bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé NAFDAC ló rán ẹ wá ni?” Mo ní, “Rárá mà, iṣẹ́ ni mò ń wá.” Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì kó oríṣi mìíràn tí kò tíì pàtẹ jáde fún mi.

Àwọn tó ń ṣe ṣítáàṣì kì í sábà wà lórí àtẹ, torí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Inú ìwé ìròyìn àti ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ká wọn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kedere pé kì í ṣe Èkó ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ wà. Ilé iṣẹ́ ṣítáàṣì Psaltry, fún àpẹẹrẹ, Adó-Àwáyé lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló wà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ oko. Mo fa ìlà sórí Èkó, mo kọjú sí Òkè-Ògùn àti Ògùn.

Mo yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò lórí àkọsílẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n sanwó fọ́ọ̀mù, mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń wáṣẹ́ sanwó kí wọ́n tó ka ìwé rẹ̀.

Apá tó gbà mí lákòókò jù ni wíwá ẹni tó wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní ẹ̀ka wa, lórí WhatsApp, mo rí ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Mo kọ̀wé sí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ kọ́ ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa ń yọ yín lẹ́nu jù ní yàrá àyẹ̀wò.” Bí mo bá ti ní kó bá mi wáṣẹ́ ni, ohun tó lè sọ kò ju “mo máa wò ó” lọ. Ìbéèrè yìí ló mú kó pè mí, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní nígbà òjò, omi inú ẹ̀gẹ́ máa ń pọ̀, ṣítáàṣì rẹ̀ á dín kù, gbígbẹ á di wàhálà, àwọn oníbàárà á sì máa dá ọjà padà.

Ohun tó sọ yẹn ni mo fi kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni pé omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, sáyánáìdì kò sì gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 10 nínú kílò kan. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe wọn méjèèjì fúnra mi, àti ohun tí mo máa ṣe sí báàṣì tó bá kọjá ìwọ̀n. Ojú ewé kan péré ni. Nínú CV mi, mo gbé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sókè pátápátá, mo sì yọ gbogbo ohun tí kò kan ẹ̀gẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀. Ti ilé gààrí kò jọ ti ilé ṣítáàṣì.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá àgbà kan ní, “Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu géètì. Kí lo máa kọ́kọ́ béèrè?” Mo ní, “Ìgbà tí wọ́n wú u, sà.” Ó wo ẹnì kejì rẹ̀, ó sì ṣí ìwé mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbígbẹ ni a fi wákàtí tó kù sọ.

Lẹ́tà wọn dé lásìkò kan náà tí ibòmíràn ní Ìkẹjà pè mí fún iṣẹ́ ọjà títà. Inú bàámi kò kọ́kọ́ dùn.

“Èkó ń pè ẹ́, o fẹ́ lọ sóko?”

“Ẹ má bínú, bàámi. Yàrá àyẹ̀wò ni mo fẹ́.”

“Ṣé wọ́n ń sanwó déédéé níbẹ̀?”

Mo ti bi ẹ̀gbọ́n yẹn ní ìbéèrè yìí kí n tó kọ lẹ́tà. Mo sọ iye owó náà fún bàámi, ọjọ́ tó máa ń wọlé lóṣooṣù, àti iye tí yàrá kan ń jẹ lọ́dún nítòsí ilé iṣẹ́ náà. Bàámi ṣírò ó fúnra rẹ̀ lórí ìwé, ó ní kí n lọ.