Ewé Ló Pọ̀ Jù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìtọ́jú Awọ Ara Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Àwọn àgbà ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta oògùn n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ní ti awọ ara, ohun tí mò ń rí nídìí káńtà yàtọ̀ sí òwe yìí. Obìnrin ẹni ọdún 48 á wọlé, á kó ike ìpara márùn-ún jáde nínú báàgì, á ní kí n bá òun wá ẹ̀kẹfà. Ewé kọ́ ló kù fún irú wọn, ewé ló pọ̀ jù. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Èmi náà ti pé ọdún 54, ohun tí mò ń ṣe sí ara tèmi ni màá sọ.

Ẹ káàsán mà. Olùkọ́ ni mí, mo jẹ́ ẹni ọdún 49. Láti bí ọdún méjì tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège ni ara mi ti gbẹ bí èèpo igi. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fi omi gbígbóná wẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ apakòkòrò àti kàn-ìn-kàn-ìn. Bí mo bá ti jáde nílé ìwẹ̀ báyìí, ojúgun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ti pààrọ̀ ìpara lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èwo ló kù tí màá rà?

Àbúrò mi, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ilé ìwẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Bí nǹkan oṣù bá ti fẹ́ dáwọ́ dúró, estrogen, èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù, á máa lọ sílẹ̀. Awọ á fẹ́lẹ́ sí i, epo tó máa ń sun jáde fúnra rẹ̀ á dín kù, omi inú awọ á sì máa rí ọ̀nà jáde. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún collagen, ohun tó ń mú kí awọ le dáadáa, ló máa ń lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ọṣẹ tó bá yín lára mu nígbà tí ẹ wà ní ẹni ọdún 25 lè máa jẹ yín lára báyìí. Awọ ara fẹ́ kíkan díẹ̀: pH rẹ̀ (òǹkà kíkan, èyí tó bá kéré ló kan jù) kò jìnnà sí 5. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ wà láàárín 9 sí 10, ọṣẹ dúdú náà wà níbẹ̀, torí eérú ni a fi ń sè é. Ọṣẹ á ṣí epo tó kù lára, omi gbígbóná á yọ́ ìyókù, kàn-ìn-kàn-ìn á wá há awọ fúnra rẹ̀.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ máa lò, kí ẹ má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ọṣẹ kò ní iṣẹ́ lójoojúmọ́ kọjá abíyá, abẹ́, ẹsẹ̀ àti ibi tó bá dọ̀tí. Apá, ẹ̀yìn àti ojúgun tí ẹ kò gbé wọ inú ẹrẹ̀, omi àti àtẹ́lẹwọ́ tó o. Kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tó rọ̀. Mi ò ní kí ẹ ju ọṣẹ dúdú nù o. Òun ni màmá mi fi wẹ̀ wá dàgbà, mo sì ṣì ń fi í fọ ẹsẹ̀ mi títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi aṣọ ìnura tẹ ara, ẹ má fi nù ún gbẹ. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, nígbà tí ara ṣì tutù, ẹ yọ́ òrí díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí ẹ sì fi pa á. Òrí kò ní omi nínú, ṣe ló ń dé omi tó bá bá lára mọ́lẹ̀. Ẹni tó fi òrí pa ara gbígbẹ dà bí ẹni tó fi ọmọrí dé ìkòkò òfìfo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, tí wọ́n á sì máa sọ pé òrí kò ṣiṣẹ́.

Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti ń ṣe báyìí, tí ara ṣì ń yún yín láìsí ohunkóhun tó yọ síta, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, àtọ̀gbẹ àti thyroid tó wà ní ọrùn lè mú kí ara máa yúnni, ìpara kankan kò sì ní wò ó.

Mo gbọ́ ti òrí yẹn, ṣùgbọ́n iròrẹ́ ló máa ń bá mi mú wá sójú.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ara nígbà náà. Àdí àgbọn tilẹ̀ máa ń dí ojú ju òrí lọ. Ẹ wẹ ojú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ kán gilisẹ́rìn bí ẹ̀kán méjì sí àtẹ́lẹwọ́ tó ní omi, ẹ fi pa á. Owó gilisẹ́rìn kò tó nǹkan ní kẹ́míìsì, ìgò kékeré kan á sì bá yín dé oṣù púpọ̀. Ẹ má ṣe bu omi sínú ìgò rẹ̀ kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò á gbabẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi Vaseline fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí níbi tó bá ti gbẹ jù.

Ní ti òrí rírà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òrí tó dára máa ń rùn bí ẹ̀pà díẹ̀ àti bí èéfín díẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá ti kan, ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá ní ará ní Ṣakí tàbí ní ìlú Òkè-Ògùn yòókù, níbi tí igi òrí pọ̀ sí, kó ránni sí i.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bú mi. Ọjà ni mò ń tà, ẹni ọdún 46 ni mí. Àbàwọ́n dúdú yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì àti iwájú orí. Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń po ìpara. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ojú mi dán gbinrin. Ó ti di ọdún kan báyìí. Bí n kò bá fi pa á fún ọjọ́ méjì, ojú mi á máa ta mí, á pọ́n, iròrẹ́ á bò ó. Oríkèé ìka mi sì dúdú bí èédú.

N kò ní bú yín. Àbàwọ́n yẹn ní orúkọ, melasma ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ láàárín obìnrin. Oyún máa ń fà á, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè fà á, ìyípadà inú ara ní irú ọjọ́ orí yín náà ń bẹ níbẹ̀. Oòrùn ló sì ń bọ́ ọ.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìpara àpòpọ̀. Hydroquinone, kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀, ni àkọ́kọ́. Bí ó bá pẹ́ lára, ó lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú tó fẹ́ jọ aró, èyí sì ṣòro wò ju àbàwọ́n àkọ́kọ́ lọ. Èkejì ni mẹ́kúrì, tí NAFDAC ti fòfin dè nínú ìpara. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gba ara aṣọ ìnura àti aṣọ ibùsùn ran àwọn ọmọdé inú ilé. Ẹ̀kẹta ni steroid, oògùn tó ń pa ìbínú awọ, èyí tó lágbára bíi clobetasol. Òun ló mú ojú yín dán ní ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà ló ń bínú báyìí tí ẹ kò bá fún un ní oúnjẹ rẹ̀. Ní ti oríkèé ìka, awọ ibẹ̀ nípọn, ìpara kì í bó o bí ó ṣe ń bó ibi yòókù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń bóra kì í fi lè fi ọwọ́ pamọ́.

Bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ni ẹ ń fi pa, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú á bínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá oṣù mélòó kan. Ẹ má padà síbẹ̀ torí ìyẹn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ gbogbo ara, tó sì ti pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Steroid tó wọlé lè ti mú kí ara gbàgbé bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀ jáde. Òòyì, èébì àti àárẹ̀ ńlá lè tẹ̀lé e. Ẹ gbé ike náà dání lọ. Àwọn dókítà awọ ara wà ní UCH n'Íbàdàn, wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, ojú kò ní tì yín lọ́dọ̀ wọn. Bí iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí bá sì délẹ̀, ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé ẹ ti bóra rí. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ kì í di okùn ìránṣọ mú dáadáa, ojú ọgbẹ́ kì í sì í tètè jiná.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, omi tutù, gilisẹ́rìn tàbí Vaseline, àti sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn. Kò sí ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi apòògùn nípa azelaic acid, tó máa ń dín melasma kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń dín àkàrà tàbí ń fi igi dáná, ẹ jìnnà sí iwájú iná. Ooru náà ń mú àbàwọ́n yẹn dúdú sí i, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ̀.

Awakọ̀ ni mí, Ìbàdàn sí Èkó, ẹni ọdún 52. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi òsì àti apá òsì dúdú ju ọ̀tún lọ, ó sì ti ń hunjọ. Ìyàwó mi ní kí n ra sunscreen. Mo ní òyìnbó ló wà fún.

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀nà o. Ìyàwó yín ló jàre. Láti April 2, 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lórí wíwa ọkọ̀ lápá òsì ni ìjókòó awakọ̀ wa ti bọ́ sí òsì, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí oòrùn bà yín. Bí ẹ bá tilẹ̀ wé gíláàsì sókè, irú ìtànṣán tó ń hun awọ jọ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Òótọ́ ni pé dúdú wa jẹ́ ààbò. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó SPF 13 (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí oòrùn tó). Ó ń dá wa sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ awọ, ṣùgbọ́n kò tó láti dá àbàwọ́n àti ìhunjọ dúró. Òrí náà kò tó.

Èyí tó rọrùn jù lówó ni ẹ̀wù alápá gígùn àti fìlà etí gbígbòòrò. Sunscreen SPF 30 wá fún ibi tí aṣọ kò dé: ojú, etí, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ fún un sórí ìka méjì láti ìdí dé orí, ìyẹn ni ti ojú àti ọrùn. Bí ẹ bá tún dúró ní páàkì lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ fi kún un. Ẹni tó ní melasma bíi ti ìyá ọlọ́jà yẹn, kó wá èyí tó ní àwọ̀ pupa-rúsúrúsú nínú, torí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí pàápàá ń dá àbàwọ́n sí aláwọ̀ dúdú lára, ìpara funfun lásán kì í dí i.

Ọmọ mi obìnrin ní London fi ìpara retinol ránṣẹ́ sí mi, ó ní á mú mi padà di ọ̀dọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò ó, ojú mi ń bó bí ẹ̀pà yíyan.

Oògùn gidi ni, ẹ ṣáà fi ìkánjú lò ó ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ dá a dúró títí ojú á fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lórí ojú tí ẹ ti fi ìpara rọ̀. Ẹ má fi nǹkan ha ojú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Obìnrin tó bá lè lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, àti ẹni ọdún 45 tó rò pé ìgbà òun ti kọjá. Bí ó bá tán, tí ọmọ kò rí òmíràn fi ránṣẹ́, ẹ má yá owó rà á. Fìlà àti sunscreen ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ọrùn mi dúdú, ó nípọn bí aṣọ àrán, mo há a há a kò lọ.

Ẹ má há a mọ́. Ẹ lọ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé ara ti ń bá insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jà, àtọ̀gbẹ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ torí ọrùn lásán.

Àwọn tóńtó dúdú kéékèèké ń pọ̀ lójú mi bíi ti màmá mi. Wọ́n ń ta omi kan tó ń jó o dànù.

Ìdílé ni, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Omi yẹn ásíìdì ni, àpá ló máa fi síbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò dáadáa ni àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Àmì dúdú tuntun tó ń tóbi níbẹ̀, ẹ fi han dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 36 péré ni.

Ìgbà wo ni màá wá rí àyípadà?

Gbígbẹ àti yíyún, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Awọ tuntun máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó dé òkè lára ọ̀dọ́, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lára wa. Àbàwọ́n, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó sọ pé kò gbọ́. Ẹ fi fóònù ya ojú yín lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láàárọ̀, láìfi nǹkankan pa á. Bí oṣù bá yípo, ẹ padà síbi fèrèsé yẹn, ní aago yẹn, kí ẹ tún un yà.