Kí ẹ tó ra kọ́lájìn
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kọ́lájìn, èròjà inú ara tó ń mú awọ dúró ṣinṣin, tí wọ́n ń polówó fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Òótọ́ ni pé awọ ara máa ń pàdánù nǹkan bí 30% kọ́lájìn rẹ̀ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bá dúró. Àmọ́ èyí tí a bá mu, inú á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ bí ẹran ni. Kì í gba ojú lọ tààrà. Ó lè mú awọ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ooru tó ń jí wa lóru. (Pọ̀nmọ́ náà kọ́lájìn ni, ẹ má rẹ́rìn-ín!) Ẹyin, ẹ̀wà àti ọsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, torí wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe kọ́lájìn tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike. Tí ara yín kò bá gba ẹja, ẹ kà á dáadáa: ara ẹja ni wọ́n ti ń yọ òmíràn.