Bí kọ̀ǹpútà kan kò bá rí èkejì rẹ̀ nínú ilé

Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ẹ ṣí Network nínú File Explorer lórí èyí tó wà ní yàrá, ẹ fẹ́ kó fọ́tò ìkómọ kúrò lórí èyí tó wà ní pálọ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Windows 10 àti 11 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ mọ èyí: pé orúkọ kọ̀ǹpútà kò hàn kò sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ dí. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kéde ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn ẹni ṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fọ́ ilẹ̀kùn nígbà tó jẹ́ pé akéde ló dákẹ́. Wọ́n á pa firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ohun tí kò yẹ kó wọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á sọ kọ̀ǹpútà wọn di aláìláàbò, orúkọ náà kò sì ní hàn síbẹ̀.

1. Ṣé agboolé kan náà ni wọ́n wà?

Ọ̀kan lè wà lórí MiFi, kí èkejì wà lórí hotspot fóònù ẹnìkan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú IPv4 Address. Ẹ ṣe é lórí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.23 tí èkejì jẹ́ 192.168.1.40, agboolé kan náà ni. Bí èkejì bá jẹ́ 192.168.43.5, ibòmíràn ló wà. Ẹ gbé e wá sórí Wi-Fi kan náà. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, róútà kò fún un ní nọ́ńbà rárá nìyẹn: ẹ já Wi-Fi rẹ̀ kí ẹ tún un so, tàbí kí ẹ pa róútà kí ẹ tún un tàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ra róútà kejì kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ yẹ ẹ́ wò dáadáa. Ó lè máa pín nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ yí i sí Access Point mode, kí róútà àkọ́kọ́ nìkan máa pín nọ́ńbà.

2. Ẹ kan ilẹ̀kùn fúnra yín

Ẹ ṣí File Explorer lórí kọ̀ǹpútà yàrá. Níbi àdírẹ́sì lókè, ẹ kọ \\192.168.1.23, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀ tiyín, kí ẹ tẹ Enter. Bí ó bá béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ẹ yọ̀, ọ̀nà ti là. Èyí tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà pálọ̀ ni kí ẹ kọ. PIN kò ní ṣiṣẹ́. Àkáǹtì tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù náà kò ní wọlé, torí Windows kì í gba irú rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

Bí ẹ bá wọlé tí ẹ kò rí nǹkan kan, a jẹ́ pé kò sí fódà tí wọ́n pín níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fódà tí ẹ fẹ́ pín, kí ẹ yan Properties, Sharing, Share.

3. Bí kò bá ṣí

Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ wá Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ yan Private network. Public ni Windows 11 máa ń kọ́kọ́ fi yín sí, bí ẹni pé àárín ọjà lẹ wà. Ó dára bẹ́ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì àti pápákọ̀ òfurufú, ẹ má yí i padà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Advanced sharing settings, kí ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing. Lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì ni o.

4. Ẹ jí akéde

Bí nọ́ńbà bá ń gbé yín wọlé tí orúkọ kò sì hàn, tàbí tí Network discovery ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tàn án, ibí ni ìṣòro wà. Ẹ tún tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ services.msc. Lórí kọ̀ǹpútà tí a kò rí, ẹ wá Function Discovery Resource Publication. Òun gan-an ni akéde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí Startup type sí Automatic, kí ẹ tẹ Start. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Function Discovery Provider Host, SSDP Discovery àti UPnP Device Host. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ padà sí Network, kí ẹ tẹ F5.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ dá SMB 1.0 padà, ìyẹn ìlànà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Lóòótọ́, òun ni akéde àtijọ́ gbára lé, àmọ́ ihò ara rẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó sì ń gba owó ìtúsílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10. Fọ́tò ìkómọ wà lára ohun tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń tì pa. Bí ìtọ́sọ́nà kan bá sì dárúkọ HomeGroup, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì nínú ilé, ó ti gbó. Wọ́n ti yọ ìyẹn náà ní 2018.

5. Bí ó bá ṣì kọ̀

Ẹ pa VPN, ìyẹn áàpù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà mìíràn, bí ẹ bá ń lò ó. Ẹ wo antivirus tí ẹ rà bóyá ó ní firewall tirẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé Wi-Fi ilé ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ sẹ́tíìnsì róútà tàbí MiFi, kí ẹ wá AP isolation tàbí client isolation, kí ẹ pa á. Bí ó bá wà ní títàn, gbogbo ẹ̀rọ á rí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n wọn kò ní rí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni guest network, ìyẹn Wi-Fi àlejò, máa ń ṣe.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dára, iná ṣì lè lọ, kí róútà kú, kó sì pín nọ́ńbà mìíràn nígbà tí iná bá dé. Ẹ wá Address reservation nínú sẹ́tíìnsì róútà kan náà, kí ẹ so nọ́ńbà kan pàtó mọ́ kọ̀ǹpútà pálọ̀.