Bí a ṣe pààrọ̀ òrùlé ilé Bàbá Àgbà ní Ìbàdàn

Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ni ilé náà wà, níbi tí ilé ti so mọ́ ilé débi pé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé rẹ máa ń dà sí. Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ ọ. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára nígbà tó yá. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi. Ta ló sì fẹ́ bá ni wí? Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, tó wo ìsàlẹ̀, àwọ̀ kan náà ni yóò rí lọ rẹrẹẹrẹ. Ìpẹtà kì í ṣe ìtìjú ní Ìbàdàn.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ di kíákíá fún wa ni ògiri yàrá Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tó kù nínú àwọn ọmọ onílé. Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú látòkè, sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ sì ń ṣí bọ́. Omi lè máa kán sórí ògiri búlọ́ọ̀kù fún ọdún mélòó kan kí nǹkan kan má ṣe é. Ògiri amọ̀ tí omi bá wọ̀ látorí, inú ló ti ń rà, ìta rẹ̀ á ṣì máa dán. Látìgbà náà ni mi ò ti ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Ògiri ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀.

Kí n tó pe káfíńtà kankan, mo gun òkè àjà lọ́sàn-án gangan, mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ìsàlẹ̀, mo wá pa tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò ni. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó sún mọ́ ọn. Ìdí ìṣó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà: páànù máa ń nà tí oòrùn bá mú, á súnkì tí ilẹ̀ bá ṣú, ìṣó ò sì kúrò lójú kan, bí ihò rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún nìyẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì padà, mo fa súkúrúdíráfà yọ, mo ń fi gún igi níkọ̀ọ̀kan. Àárín igi níbi tí atẹ́gùn ti ń dé sí i kò gbà á wọlé rárá. Ìrókò ayé ọjọ́un ni. Àmọ́ níbi tí orí igi ti lé ògiri, ṣe ni súkúrúdíráfà wọlé dé èèkù, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ tútù. Ikán ti gba ara ògiri gòkè, wọ́n fi amọ̀ ṣe ọ̀nà tóóró fún ara wọn, ibi tí igi ti kan ògiri ni wọ́n sì ti ń jẹun.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìjì máa ń dì mú. Òjò àkọ́rọ̀, ti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kì í dédé rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjì ló ń ṣáájú, ìhà ìlà-oòrùn ló sì sábà máa ń gbà wá. Àwọn èèyàn á ní ìjì ṣí páànù ilé lágbájá. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rí i pé páànù àti igi ló jọ lọ, ìṣó ò tú kúrò lára igi. Orí ògiri ló já.

Ilé ẹbí ni, torí náà ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó tiẹ̀ pọ̀ jù nínú ohun tí a dá, fẹ́ kí a fi sítóònkóòtì, páànù tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lára, bò ó, kí a sì mọ pàrápẹ́ẹ̀tì, ògiri kúkúrú tó ń bo eteetí òrùlé, yí orí ilé ká kí ilé Bàbá lè bá ìgbà mu. Mi ò bá sítóònkóòtì jà. Òjò kì í pariwo lórí rẹ̀, ó sì rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n irin ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju alúmínọ́ọ̀mù lọ dáadáa. Ògiri amọ̀ tó ti ń gbé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, kí la fẹ́ di ẹrù kún un lórí fún nígbà ogbó?

Pàrápẹ́ẹ̀tì ni mo bá jà, mo sì bá a jà gan-an. Ó máa ń wuyì lórí ilé tuntun. Àmọ́ gọ́tà ló ń fi pamọ́ sẹ́yìn. Ewé, yanrìn, ìtẹ́ ẹyẹ àti ike omi tí ọmọ kan jù sókè á dí i, omi ò ní ríbi gbà, á wá ọ̀nà sínú ògiri. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, omi tí a bá há mọ́ orí ilé, inú ilé ló ń bọ̀." Kò fèsì títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó máa fèsì, ó ní kí n ṣáà ti jẹ́ kó rẹwà.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí eteetí òrùlé yọ síta dáadáa. Àwọn káfíńtà ìwòyí máa ń gé e kúrú, torí pé ó ń dín igi àti páànù kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ṣáájú páànù, tí wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ àti ewé gbọ́dọgí bolé, òrùlé tiwọn máa ń wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ògiri ni wọ́n ń bò. Àtúnṣe kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wọn: nígbà ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, ṣe ni wọ́n máa ń kó koríko wá fún Aláàfin kí wọ́n fi tún orí ààfin bò. Páànù ló kọ́ wa láti gbàgbé òrùlé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbáko ni mo ní kó yọ kúrò lára ògiri. Káfíńtà wa, àgbà ọ̀jẹ̀ kan tó mọ ilé alámọ̀ tinútòde, gbà fún mi, àmọ́ ó kìlọ̀ pé eteetí tó gùn ni ìjì máa ń rí gbá mú jù, torí náà ìdè rẹ̀ gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí owó wa pọ̀ sí jù nìyẹn nígbẹ̀yìn.

Àárín ọyẹ́, lóṣù kìn-ín-ní, la bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí òrùlé lóṣù kẹrin, àdúrà ló fi ń bolé. Igi náà máa ń gbẹ dáadáa lásìkò ọyẹ́, torí igi tútù tí wọ́n bá kàn mọ́ òkè á súnkì tó bá yá, ìṣó á sì tú nínú rẹ̀.

Bódìjà la ti ra igi. Ẹ mú tépù lọ́wọ́ o. Igi tí wọ́n ń pè ní 2 x 4, íǹṣì méjì sí mẹ́rin, lè má pé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára ilé yín ń gbà lọ. Mo ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, mo ń fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí bóyá ó lọ́. Apá ni a rà fún èyí tó máa lé ògiri, àyùnrẹ́ wà nínú àwọn yòókù. Arère pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì gunni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìdí òrùlé fún yín. Èyí tó dára nínú ìrókò àtijọ́, a ò jù ú nù. Wọ́n gé orí rẹ̀ tó ti jẹrà kúrò, wọ́n lò ó ní ibi tó kúrú.

Ní ti páànù, alúmínọ́ọ̀mù gígùn tó nípọn tó mìlímítà 0.55 ni a mú. Owó 0.45 kéré sí i, àmọ́ bí káfíńtà bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti tẹ̀ wọnú nìyẹn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí bó ṣe nípọn tó, ẹ yá kálípà lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á. Bí wọ́n ṣe máa ń gé e gùn ní ilé iṣẹ́, ìwọ̀n ilé yín ni, torí náà ìgbà tí igi bá ti wà lókè ni kí ẹ tó lọ fún wọn ní ìwọ̀n. Lórí àwọ̀, àwọn ẹbí fẹ́ pupa wáìnì. Mo ní àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀, torí àwọ̀ dúdú àti pupa máa ń gba oòrùn mọ́ra. Ìyá Àgbà ló bá mi parí ẹ̀: "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sùn sábẹ́ ẹ̀ ni?"

Ìyá kò kó jáde. Ó ní òun ò lè lọ sun ilé onílé lójú ayé òun. A wá pín iṣẹ́ sí méjì, a ṣí apá kan, a fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ títí apá àkọ́kọ́ fi parí. A ní tapólì ńlá, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, nílẹ̀ bí òjò bá fẹ́ ṣe bí òjò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń tú páànù àtijọ́, ojú ìlà ìṣó ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé, torí ibẹ̀ ni igi wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àárín páànù tó ti gbó, yàrá ló ń já sí.

Iṣẹ́ orí ògiri ló gba ojú mi jù. Bíríkìlà kọ́kọ́ ha gbogbo ọ̀nà ikán kúrò, ó gbẹ́ amọ̀ tó ti rà látòkè títí ó fi kan èyí tó le, ó sì fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ dí i. Lẹ́yìn náà, ó lu ihò la ògiri já, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀, ó ki rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó fi pẹlẹbẹ irin há a ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wá fa ẹnu rọ́ọ̀dù náà méjèèjì gòkè. Wọ́n tẹ́ rọ́bà dúdú sórí ògiri, kí ọ̀rinrin má bàa gba inú amọ̀ bọ́ sínú igi, wọ́n gbé wọ́ọ̀lúpéètì, igi tó ń lé orí ògiri, lé e. Rọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n tẹ̀ borí igi, tí wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀. Báyìí, kí ìjì tó gbé igi, yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ bàtà méjì ògiri. Wọ́n fi wáyà so gbogbo ráfítà, àwọn igi tó dagun láti góńgó òrùlé wálẹ̀, mọ́ wọ́ọ̀lúpéètì náà, yàtọ̀ sí ìṣó. Káfíńtà fẹ́ fi kọ̀ńdẹ́mù ọ́ìlì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò, kun igi bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo ibi, ṣùgbọ́n èèyàn ń sùn nínú ilé yìí, mo ra oògùn ikán. Ẹnu ibi tí wọ́n bá ti gé igi ni mo ní kí wọ́n kùn jù, torí ibẹ̀ ni ikán máa ń kọ́kọ́ tọ́ wò.

Láti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù wá sí ìlà-oòrùn, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti gorí ara wọn lè kẹ̀yìn sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀. Orí ìtẹ́ páànù, níbi tó ga, ni ìṣó onírọ́bà ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ní eteetí, ìṣó sún mọ́ra ju ti àárín lọ. Díìsì tẹlifíṣọ̀n tó ti wà lórí ilé tẹ́lẹ̀ kò padà síbẹ̀. A ri òpó irin mọ́lẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé, torí àwọn tó ń gbé díìsì, orí ilé onílé kì í jọ wọ́n lójú.

Ẹ rí i pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ páànù àtijọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbà pé tàwọn ni, ẹni tó ń ra irin àlòkù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà sì ti yan èyí tó fẹ́ fi ṣe ilé adìyẹ. Ariwo ọjọ́ náà kò kéré. Ìyá ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀.

Mi ò san owó tán nígbà tí iṣẹ́ parí, a ti jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tòun ti ìjì, mo gun òkè àjà padà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ibi ló gbẹ àyàfi ojú ibi kan tí rígíkáàpù méjì, páànù tó ń bo góńgó òrùlé, ti pàdé lórí yàrá ẹ̀yìn, omi ti ta sí igi abẹ́ rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí káfíńtà. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó tú u, ó jẹ́ kí wọ́n gorí ara wọn sí i, ó kàn án padà. Òjò tó tẹ̀ lé e kò kán, mo sì fi owó tó kù ránṣẹ́. Síìlìn ló ṣẹ́ kù báyìí. Mo ní kí wọ́n má tíì kàn án títí òjò ọdún yìí yóò fi rọ̀ tán, kí n lè máa rí ìdí páànù. Ìyá ní ariwo òjò ò jẹ́ kí òun gbọ́ rédíò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i sókè.