Bẹ́ẹ ṣe máa mọ ibi tí agbára fáríábù mọ nínú kíláàsì PHP

Àṣìṣe tó ń pariwo ò burú, ẹ máa rí i, ẹ máa tún un ṣe. Èyí tó dákẹ́ ló ń jẹ èèyàn lákòókò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo kíláàsì ibì kan náà ni wọ́n ti ń kọsẹ̀ ṣáá, ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ kọ error_reporting(E_ALL) sókè fáìlì, kẹ́ẹ sì ṣí display_errors sílẹ̀, kí PHP lè máa fi àṣìṣe hàn yín, lórí kọ̀ǹpútà tiyín o, kì í ṣe lórí sáfà táráyé ń lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé fáríábù tẹ́ẹ bá dá sílẹ̀ nínú fọ́ńṣọ̀n, inú ibẹ̀ ló máa parí sí, èyí tó wà níta náà ò sì lè dédé wọlé. Ọ̀rọ̀ global wà tó lè gbé e wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi èèwọ̀ ni, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi parámítà jàre.

Ó wá kan kíláàsì. Ẹ wo èyí dáadáa:

class Apo {
  private $iye = 0;
  public function yipada($tuntun) {
    $iye = $tuntun;
  }
}

Ẹ pe yipada(50), kẹ́ẹ wá wo ohun tó wà nínú àpò: 0 ni. PHP ò bínú, kò kìlọ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó dá $iye mìíràn sílẹ̀ nínú mẹ́tọ́ọ̀dù (fọ́ńṣọ̀n tó wà nínú kíláàsì), ó kó 50 sí i, mẹ́tọ́ọ̀dù parí, 50 bá a lọ. Orúkọ ló jọra, $iye tòkè ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti lo Java tẹ́lẹ̀ gan-an ni mo ń bá wí, torí ní Java tẹ́ẹ bá pe orúkọ lásán ó máa rí property (fáríábù tẹ́ẹ kọ sínú kíláàsì gan-an) ọ̀hún, ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn lára, PHP ò sì gba ìyẹn.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

$this->iye = $tuntun;

$this ni ọ́bjẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́. Àmì dọ́là kan ṣoṣo, iwájú this ló wà. Tẹ́ẹ bá kọ $this->$iye, nǹkan mìíràn lẹ ti sọ yẹn, PHP máa lọ wo ohun tó wà nínú $iye, ìyẹn ló máa fi ṣe orúkọ property tó ń wá. Ẹ má sì ṣi lẹ́tà kọ o. $this->iyee máa ń dá property tuntun sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àfi látìgbà tí PHP 8.2 dé ní 2022 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo èyí tó kéré sí i.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọlé, ẹ fi var_dump($this), tó ń tẹ ohun tó wà nínú ọ́bjẹ́ẹ̀tì jáde, sí ìlà tó gbẹ̀yìn mẹ́tọ́ọ̀dù. Xdebug (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú PHP) dáa, àmọ́ èyí tó fún iṣẹ́ yìí.

Fọ́ńṣọ̀n tí ò lórúkọ nínú mẹ́tọ́ọ̀dù rí $this fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n fáríábù yòókù, ẹ ní láti fi use kó wọn wọlé. fn() tó dé ní 7.4 ń rí gbogbo wọn, ẹ̀dà ló ń mú sá, tẹ́ẹ bá yí i padà níbẹ̀ tìta ò ní yí.

Static, ìyẹn property tó jẹ́ ti kíláàsì fúnra ẹ̀, ńkọ́? self::$iye ni, dọ́là dúró síbi tó wà. Ọ́bjẹ́ẹ̀tì tó bá jáde látinú kíláàsì yẹn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń pín lò. Àmọ́ kẹ́ẹ má rò pé yóò dúró títí ẹni náà á fi tẹ ojú ewé mìíràn, lórí sáfà PHP tó wọ́pọ̀, tuntun ni gbogbo nǹkan máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè mìíràn bá dé. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kó dúró, $_SESSION (ibi tí PHP ń tọ́jú nǹkan sí láti ojú ewé kan dé òmíràn) ni kẹ́ẹ kó o sí, inú fọ́ńṣọ̀n tó wù kẹ́ẹ wà ẹ máa rí i láìlo global, ṣáà ti pe session_start() kí ojú ewé tó tẹ ohunkóhun jáde.